Àmì Ẹ̀yẹ Ìkẹyìn tí Oyèkànmí Fúnni

Òjò ń rọ̀ ní Snellville ní àárọ̀ Sátidé tí wọ́n bá òkú Oyèkànmí Ọlágúnjú nínú ọ́fíìsì rẹ̀, orí rẹ̀ fọ́. Ogún ọdún ni ó fi kọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ Atlanta bí a ti í dúpẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Àmì ẹ̀yẹ onígíláàsì, tí wọ́n fín orúkọ ẹni ẹ̀yẹ sí lára, ni ó ń tà fún wọn.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Damaris Ọláwùnmí rí àfọ́kù gíláàsì kan nílẹ̀, ṣùgbọ́n gíláàsì ló kún gbogbo ibẹ̀. Lára èwo ni èyí ti kán?

Monísọ́lá, akọ̀wé tí ó rí òkú náà, ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà.

"Àná ni Ọ̀gá fún àwa mẹ́ta lẹ́bùn, èmi, Tahir àti Uncle Dayọ̀, gíláàsì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn ti ta ilé-iṣẹ́. Mo pè wọ́n láàárọ̀ láti kí wọn kú oore àná, wọn ò gbé e. Ni mo bá wá."

Fóònù olóògbé dún lórí tábìlì. Damaris gbé e.

"Ọ̀gá, ẹ kú oore àná o!" Tahir ni. "Ìyàwó mi ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án!"

Nígbà tí Damaris sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Tahir tán, ó wo ojú fóònù náà. Ìpè Monísọ́lá wà níbẹ̀. Ti ẹnì kẹta kò sí.

"Uncle Dayọ̀ kò pè?" ni ó bi Monísọ́lá.

"Kò pè kẹ̀? Bí Ọ̀gá bá fún wọn ní ẹ̀fọ́ lásán, ilẹ̀ kì í mọ́ tán kí wọ́n tó pè! Àwọn fúnra wọn ló máa ń sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni."

Damaris wakọ̀ lọ sí ilé Uncle Dayọ̀ ní Stone Mountain. Adédayọ̀ Ọládipúpọ̀, tí ó ń fín orúkọ sára àwọn gíláàsì náà, ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ọlọ́pàá ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí ẹ̀bùn tí Ọ̀gá Oyèkànmí fún yín lánàá."

Adédayọ̀ mú un wọ yàrá, ó sì fa nǹkan kan tí a fi táwẹ̀lì wé yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Igun rẹ̀ kan ti kán. Damaris fi àfọ́kù náà kan ibẹ̀; ó bá a mu.

"Àwọn méjì dúpẹ́ láàárọ̀ yìí, sà, nítorí wọ́n rò pé ó wà láàyè. Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbàgbé ọpẹ́, ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò gbé fóònù. Ọpẹ́ tí ẹ kò dá ló gbé mi wá síbí."

"Inú gáréèjì mi la ti jọ bẹ̀rẹ̀," ni Adédayọ̀ wí. "Ó ta ilé-iṣẹ́ náà láìsọ fún mi. Ó wá fún mi ní irú èyí tí à ń tà fún àlejò! Ìbínú ni. N kò ní in lọ́kàn láti pa á."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ nù?"

"Ogún ọdún ni mo fi ń fín orúkọ ọmọ ẹlòmíràn. Èyí nìkan ni tèmi wà lára rẹ̀."

Damaris wò ó. Àwọn lẹ́tà náà wọ́, bí iṣẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ irin iṣẹ́ í dì mú.

"Ta ló fín in, sà?"

Adédayọ̀ na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí Damaris mú jáde kí ó tó dáhùn.

"Oyèkànmí ni. Kò jẹ́ kí n fín èyí fúnra mi."