Ọwọ́ Abẹ́rẹ́ Kò Lọ Sókè

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí ó kéré.
Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ!

Àárọ̀ Sátidé nìyí. Ọkọ̀ mẹ́ta fẹ́ du ipò kìíní lórí omi.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mẹ́rin ló ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ Abẹ́rẹ́.
Abẹ́rẹ́ kì í wà á. Òun ló ń fi okùn darí ọkọ̀. Òun ló sì ń pariwo.
"Fà á! Fà á!"

Ta ló dúró lókè yẹn, tó mú àsíá pupa dání?
Màmá Abẹ́rẹ́ ni! Tí Màmá kò bá sọ pé ó yá, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ lọ.

Bàbá Dìímú, tó máa ń di ọkọ̀ mú kí eré tó bẹ̀rẹ̀, dojú bolẹ̀ lórí pákó tó wà létí omi. Ó di ìdí ọkọ̀ Abẹ́rẹ́ mú gírígírí.

"Ẹni tí kò bá tíì múra, kó nawọ́ sókè," ni Màmá wí. "Màá dúró dè é."

Omi gbá ọkọ̀: pọ́ọ̀!
Yéè! Okùn bọ́ lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́.

Ṣé kó nawọ́ sókè? Gbogbo èèyàn á máa wò ó. Ojú ń tì í.

"Màmá mi á rí mi," ló sọ nínú ara rẹ̀. "Màmá mi á dúró."
Ó wo ojú Màmá. Ó ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú.

"Ẹ múra!"
Àsíá pupa lọ sókè.

"Ó yá!"
Fìrì! Àsíá wálẹ̀.

Bàbá Dìímú ju ọkọ̀ sílẹ̀.
Àwọn ọkọ̀ yòókù já lọ: fùú! fùú!

Ọkọ̀ Abẹ́rẹ́ yà sọ́tùn-ún. Ó yà sósì. Ó wọ inú koríko: wàá!
Àwọn ló gbẹ̀yìn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mẹ́rin pòṣé: ṣíọ̀!

Adájọ́ tó ń fi ọkọ̀ tẹ̀ lé wọn gbé àsíá funfun sókè. Ìyẹn ni pé kò sí ìrẹ́jẹ.

"Ìrẹ́jẹ wà!" ni Abẹ́rẹ́ kígbe. "Màmá mi rí mi, wọn ò dúró!"
"Ṣé o nawọ́ sókè?" ni adájọ́ bi í.
Abẹ́rẹ́ wo ọwọ́ rẹ̀.
Àsíá funfun kò wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà korò lọ́kàn Abẹ́rẹ́ bí jogbo. Ó wọ́ ẹsẹ̀ délé: wọ́ọ́, wọ́ọ́.

"Ẹ rí mi, Màmá! Ẹ rí mi!"

"Mo rí ẹ," ni Màmá wí. "Àyà mi já. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni mò ń wò níbẹ̀, n kì í wo ojú. Tí mo bá ń wo ojú ọmọ tèmi, ta ni yóò wo ojú ọmọ ọlọ́mọ?"

"Ṣebí ẹ̀yin ni màmá mi!"
"Èmi ni o. Wá, jẹ́ n gbá ẹ mọ́ra."
Màmá na apá méjèèjì.

Ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ ṣì ń bínú. Ó ń bínú gan-an ni.
Ó nawọ́ sókè, gbọnrangandan!

Màmá dúró.
Kò rìn. Apá rẹ̀ ṣì nà.

Aago ń dún: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Màmá dúró.
Fóònù dún. Màmá kò gbé e. Màmá dúró.

"Ṣé ẹ ṣì ń dúró ni?"
"Ọwọ́ ẹ ṣì wà lókè."

Apá ń ro Abẹ́rẹ́. Apá ń ro Màmá náà. Màmá kò sọ tirẹ̀ kalẹ̀.

Abẹ́rẹ́ sunkún. Ó nu imú. Ó tún sunkún díẹ̀ sí i.

"Ẹ múra," ló wí jẹ́jẹ́.
Màmá múra.

"Ó yá!"
Fìrì! Ọwọ́ wálẹ̀.

Màmá sáré! Ó gbá Abẹ́rẹ́ mọ́ra: gbà!

Inú Abẹ́rẹ́ ṣì korò díẹ̀.
Ṣùgbọ́n àyà Màmá ló gbé orí lé.