Jókòó, Má Wo Kámẹ́rà

Mi ò bù mọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí rárá. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, wàhálà tiẹ̀ nìyẹn. Tèmi ti tó mi.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi gbé kámẹ́rà léjìká, tí mò ń ya fíìmù nípa ìgbésí ayé àwọn èèyàn gidi. Nígbà tó yá, wọ́n pè mí síbi eré àròsọ. Olùdarí eré náà fojú mi rí màbo. "Kámẹ́rà ẹ ń mì jù," ló ń wí láràárọ̀. Kò parọ́. Bí mo bá ti ya àwòrán kan tán, ọwọ́ mi máa ń rọra tẹ̀ sí apá òsì kí n tó pa kámẹ́rà. Ó ti mọ́ mi lára.

Ọjọ́ kẹjọ tí a ti ń ṣiṣẹ́, níbi tó jìnnà sílé, Màámi pè mí lọ́sàn-án.

"Ìgbà wo ni mo di ẹgbẹ́ ẹ?"

"Kí ni mo ṣe, Màámi?"

"O gbé kámẹ́rà wá lánàá. O ò kí mi. O ní, 'Jókòó. Má wo kámẹ́rà.' Èmi tí mo bí ẹ. O ò tiẹ̀ lè sọ pé 'Ẹ jókòó.'"

"Mi ò kúrò níbí láti ọjọ́ mẹ́jọ."

"Ṣé mi ò mọ ọmọ mi mọ́ ni?" Ó pa fóònù.

Iṣẹ́ yìí ò jẹ́ n gbádùn, Màámi náà tún gbé tiẹ̀ dé. Òótọ́ ni pé mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn òṣèré tí mo jù lọ. Ṣùgbọ́n sí Màámi? Kódà lójú oorun, ẹnu mi ò gbà á.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti olùdarí jókòó wo ohun tí a ti yà. Láàárín ìran méjì, pálọ̀ Màámi yọ. Ó wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń fọwọ́ na aṣọ rẹ̀ lórí orúnkún. Gbogbo ẹ̀ dákẹ́.

"Má wo kámẹ́rà," ẹnì kan wí. Ohùn mi ni. Lẹ́yìn náà, àwòrán rọra tẹ̀ sí apá òsì.

"Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ nìyẹn," olùdarí wí. "Ṣé o ò lè ya ti ilé yín lọ́jọ́ tí o bá ráyè ni?"

Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo jáde, mo pe Màámi.

"Ẹ tilẹ̀kùn. Bí mo bá wá, ẹ má ṣí i fún mi."

"O ti wọlé," ó rọra wí.

"Èmi kọ́ nìyẹn, Màámi. Ẹ jáde síta."

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń na ẹsẹ̀ irin tí kámẹ́rà ń dúró lé. Ohùn mi tẹ̀ lé e, kò kánjú rárá.

"Gbé fóònù yẹn sílẹ̀."

Mo ń retí kí Màámi bú u. Kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí í lọ láìgbọ́ tiẹ̀.

"Ẹ má bínú," ó dá a lóhùn. "Mo ti ń gbé e sílẹ̀."