Onígbàjámọ̀ Tí Kò Gbè Sẹ́yìn Ẹnikẹ́ni

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni onígbàjámọ̀ já wọ ilé ìkàwé, òòyà lọ́wọ́ ọ̀tún, sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ òsì, irun olóníirun kún èjìká rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ajá lé. Gbogbo àwọn tó ń kàwé ló gbójú sókè. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ìwé náà gbójú sókè nídìí tábìlì rẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ pa á, ṣùgbọ́n ó gbé e mì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, èyí tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹ bá mi ṣe é kíá. Orí méjì ń bẹ ní ṣọ́ọ̀bù mi tí mo fá dé ìdajì."

"Èyí tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni?" Ọmọbìnrin náà wo pẹpẹ ìwé yí ká. "Ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù nìkan la ní."

Onígbàjámọ̀ wá ṣàlàyé. Orílẹ̀-èdè méjì lókèèrè ń jà lórí erékùṣù kan tí kò ju àpáta àti ẹyẹ lọ. Àwọn ará àdúgbò ò lè pe orúkọ wọn délẹ̀, wọ́n kàn ń pe ọ̀kan ní Tòkè, èkejì ní Tìsàlẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ méjì ti dìde lórí àga, kálukú pẹ̀lú ìwé ìròyìn tirẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní jókòó padà àyàfi tí onígbàjámọ̀ bá dá ẹjọ́.

Ọmọbìnrin náà kó ìwé mẹ́rin jáde. "Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ ka ti Tòkè, kí ẹ ka ti Tìsàlẹ̀. Ibi tí àwọn ọ̀tá méjèèjì bá ti sọ ohun kan náà, ẹ lè fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ẹ sì máa bi ìwé léèrè bí ẹ ṣe máa ń bi ẹni tó ní òun mọ̀ yín láti kékeré. Níbo lo ti mọ̀ mí? Ta ló sọ fún ọ?"

Kò yani lẹ́nu pé àwọn tó ń wá síbẹ̀ ń pè é ní Ẹ̀rí-Dà.

Kí onígbàjámọ̀ tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọkùnrin méjèèjì ti dé fìlà lọ sílé. Ṣùgbọ́n ó padà wá sí ilé ìkàwé lọ́jọ́ kejì, ó wá lọ́jọ́ kẹta, nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, mi ò ní tàn yín, erékùṣù ti kúrò lọ́kàn rẹ̀ pátápátá.

"Onígbàjámọ̀, ojú ìwé kan náà lo ti ń kà láti àárọ̀."

"Ojú ìwé yìí le ni."

"Àwòrán ló wà níbẹ̀."

Ẹ̀rí-Dà náà ò sàn jù ú lọ. Tí aago mẹ́rin bá lù tí kò tíì rí i, ṣe ni yóò máa to ìwé tó ti tò tẹ́lẹ̀, tí ojú rẹ̀ yóò wà lẹ́nu ọ̀nà. Lóṣù kẹta, onígbàjámọ̀ mú ọkàn le, ó ní òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀rí dà?" ni ọmọbìnrin náà wí.

"Mo ti ka ìwé mẹ́tàlélógún lórí erékùṣù tí mi ò ní dé láéláé."

Ọmọbìnrin náà ní kó wá rí bàbá òun lọ́jọ́ Sátidé.

Níbẹ̀ ni wàhálà wà. Awakọ̀ aṣojú orílẹ̀-èdè Tìsàlẹ̀ ni bàbá náà fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, àdúgbò sì ń pè é ní Bàbá Ikọ̀. Ìwé ìròyìn kan ṣoṣo ló ń kà, Tìsàlẹ̀ ló sì ń gbè lẹ́yìn, àfi bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ fa onígbàjámọ̀ létí: "Ọkọ ọmọ mi, tó bá bi ọ́, Tìsàlẹ̀ ni o! Má gbàgbé o."

Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí bàbá fi bèèrè. "Ta ló ni erékùṣù?"

Onígbàjámọ̀ wo ìyá, ó wo ọmọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó di àna wọn. Ṣùgbọ́n ojú Ẹ̀rí-Dà ń wò ó.

"Mi ò tíì mọ̀, sà."

Ìyá káwọ́ lérí. Bàbá Ikọ̀ na ìwé ìròyìn sí i nímú. "O ò mọ̀? Ó wà nínú ìwé! Tòkè ti fọwọ́ síwèé ní kọ̀rọ̀ pé àwọn á fi erékùṣù sílẹ̀. Ọjọ́ tó o bá rí i pé irọ́ ni, kó o padà wá. Títí dìgbà náà, máa fá orí rẹ lọ."

Lọ́jọ́ Ajé, Ẹ̀rí-Dà ń sunkún láàárín pẹpẹ ìwé. "Kí ló dé tó ò parọ́?"

"Ṣé wàá fẹ́ mi tí mo bá parọ́?"

"Rárá o."

"Olólùfẹ́ mi, kí la wá fẹ́ ṣe?"

Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ká wá ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ṣẹ̀ wá."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wá a. Ìwé ìròyìn bàbá ní inú ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan lòun ti rí i. Ti ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní inú ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní inú ìwé ìròyìn kékeré kan tó ti jáde lọ́dún méjìlá sẹ́yìn. Wọ́n rí èyí náà nínú àpótí, eruku bò ó. "Ẹnìkan tó súnmọ́ aṣojú" ló sọ fún wọn, àwòrán rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ó fara ti mọ́tò, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rí-Dà dá mọ́tò náà mọ̀ kó tó mọ ojú.

"Yéè! Bàbá mi nìyí."

Ká ní ẹlòmíì ni onígbàjámọ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ì bá gbé ìwé náà lọ, kí gbogbo àdúgbò lè bá a rẹ́rìn-ín. Ṣe ló ká a sínú àpò, tó lọ bá bàbá lẹ́yìnkùlé, níbi tí kò sí ẹlòmíì.

Bàbá wo àwòrán náà títí. "Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi," ló wí. "Mo kàn rí ọ̀gá mi àti aṣojú Tòkè tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín jáde, àpòòwé ńlá wà lọ́wọ́ wọn. Oníròyìn yẹn bi mí, ó sì pè mí ní sà. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wakọ̀, ẹnikẹ́ni ò pè mí ní sà rí." Ó mí kanlẹ̀. "Àpòòwé yẹn lè jẹ́ ìwé ìpè ìgbéyàwó. Mi ò mọ̀. Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin àti ọmọ yín nìkan, sà."

Bàbá gbé fóònù, ó pe iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn rẹ̀, ó ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

"Ẹ má bínú, bàbá," ni òṣìṣẹ́ tó gbé fóònù níbẹ̀ wí. "A fọkàn tán ẹni tó sọ ọ́. Ó súnmọ́ aṣojú."

"Èmi ni!"

"Ẹ̀yin kọ́, sà. Ẹni yẹn mọ ohun tó ń sọ."

Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá ti bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá Ikọ̀ sọ fóònù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá sì ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín: ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Nígbà tí mo ní mo mọ̀, gbogbo ayé ló gbà mí gbọ́," ló wí. "Lónìí tí mo ní mi ò mọ̀, ìwọ nìkan ló gbà." Ó pe ọmọ rẹ̀ jáde. "Ọkùnrin yìí mọ ohun tó máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó wò mí lójú, ó ní òun ò mọ̀. Kò ní parọ́ fún ọ nílé. Fẹ́ ẹ, ọmọ mi. Mo fọwọ́ sí i."

Wọ́n ń gbọ́ ìyá nínú ilé, ó ti ń pe àwọn ẹbí. Bàbá wọlé lọ kó lè dá a dúró, ó sì fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Onígbàjámọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, Ẹ̀rí-Dà sì fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ló wí. "Ọjọ́ tó o kọ́kọ́ wọlé tìrun-tìrun yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́."