Pátákó Tí Kò Lámì

"Kíákíá, ṣé o ti fàmì sí i?"

Orí àkàbà ni bàbá rẹ̀ ti ń bi í, níbi tó ti ń kun lẹ́tà ńlá ńlá sára ògiri ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ ilé iṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ pátákó kíkọ ni bàbá náà ń ṣe. Kò sí ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé epo kan ní ìlú náà tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló kọ orúkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ó ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n Kíákíá ni tajá tẹran ń pè é. Bó bá ń jẹun, kíákíá. Bó bá ń fọ abọ́, kíákíá, ẹ ó kàn máa gbọ́ ariwo abọ́ ni. Orí kẹ̀kẹ́ nìkan ni ìwàǹwára rẹ̀ ti wúlò fún un.

Ó wo pátákó tó wà níwájú rẹ̀. Nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, ohun tó wà níbẹ̀ ni: Ẹ GBA Ọ̀NÀ ỌKỌ̀. Ohun tó wà lára pátákó ni: E GBA ONA OKO. Kò sí àmì lókè, kò sí nísàlẹ̀. Ọ̀dà funfun ti tán nínú agolo, ó sì ní láti po òmíràn. Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀. Ọ̀la ni eré kẹ̀kẹ́, ó sì fẹ́ gun òkè lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó lọ sùn.

"Mo ti fi sí i, Bàbá!"

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà!"

Kó tó fọ búrọ́ọ̀ṣì tán, ọkọ̀ àwọn tó ń ṣètò eré ti dé. Wọ́n kó pátákó wọn, wọ́n lọ. Kíákíá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó di òkè. Ta ni kò ní mọ̀ pé ọ̀nà ọkọ̀ ni? Ṣé inú oko ni wọ́n ti ń sáré kẹ̀kẹ́ ni?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọmọbìnrin mọ́kànlélógún tò sórí ìlà. Ẹni méjì tó bá ṣíwájú ni wọ́n máa mú wọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ oníkẹ̀kẹ́ gbogbo àgbègbè náà. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ojú Kíákíá ti wà lára ẹgbẹ́ yìí. Lọ́dún tó kọjá, ṣéènì rẹ̀ já nígbà tó ku díẹ̀ kó dé òpin, ó sì sunkún títí imú rẹ̀ fi wú. Ọ̀gá eré, obìnrin gàgàrà kan tí fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kìlọ̀ fún wọn pé: "Ọ̀nà tọdún yìí kì í ṣe ti èṣí o. Ohun tí pátákó bá sọ ni kí ẹ ṣe." Ó fọn fèrè, wọ́n sì gbéra.

Adágún mẹ́ta ni ọ̀nà náà yí ká. Òkè ni, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, òkè tún ni. Igi gíga wà lọ́tùn-ún lósì, òjìji wọn sì tutù lójú ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, omi á kàn yọ láàárín igi, á máa dán gbinrin, ṣùgbọ́n ta ló ráyè wò ó? Ẹsẹ̀ ń ta Kíákíá, òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn. Nígbà tí wọ́n kọjá adágún kejì, ẹni mẹ́ta péré ló wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó ṣíwájú gbogbo wọn ni Ọmọ Nọ́ọ̀sì, tó wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú rẹ̀, tó wọ aṣọ pupa.

Láàárín adágún kejì sí ìkẹta, wọ́n dé oríta kan. Ọ̀nà ọlọ́dà yà sọ́tùn-ún, ó gun òkè lọ. Èyí tó lọ tààrà jẹ́ ọ̀nà oko, ó fẹ̀ dáadáa, wọ́n sì ti ro ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pátákó Kíákíá wà láàárín méjèèjì. Wọ́n ti fi ọkùnrin kan síbẹ̀ tó máa nawọ́ sí ọ̀nà, àmọ́ ẹnì kan ṣubú nísàlẹ̀ òkè, ó sì ti sáré lọ gbé e.

Kíákíá wo ọ̀nà ọlọ́dà, kò rí ẹnì kankan. Ó wo ọ̀nà oko, ó rí aṣọ pupa Ọmọ Nọ́ọ̀sì àti ẹni méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń wọ àárín igi lọ. Ó wo pátákó. ONA OKO. Yéè! Wọ́n ti kà á sí ọ̀nà oko.

Wọn ò tíì jìnnà. Bó bá figbe ta, wọ́n á gbọ́. Ó la ẹnu, ohùn ti dé ọ̀fun rẹ̀, ó sì tún pa ẹnu náà dé. Ẹni méjì péré ni wọ́n máa mú. Ṣé òun ló ní kí wọ́n má ronú ni? Ó yà sọ́tùn-ún.

Wọ́n ní ẹni tó ń sáré tó ń wẹ̀yìn, ó di dandan kó fẹsẹ̀ kọ. Kíákíá wẹ̀yìn tó ìgbà mẹ́wàá lórí òkè náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kọ. Ọkùnrin yẹn padà sí oríta, ó sì nawọ́ sí ọ̀nà fún àwọn tó kù. Kíákíá ló kọ́kọ́ dé òpin. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n hó yèè, bàbá rẹ̀ sì gbé e sókè bí ẹni gbé ọmọ ọdún méjì. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Kò dùn.

Ó tó wákàtí kan kí àwọn mẹ́ta yẹn tó dé. Inú àbàtà létí adágún ni ọ̀nà oko náà parí sí. Ẹrẹ̀ ti dé orúnkún wọn, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ wọn bọ̀, ìgbọ̀nwọ́ Ọmọ Nọ́ọ̀sì sì ti bó.

"Ẹ yà kúrò lọ́nà," ni ọ̀gá eré wí. "Ẹ ti jáde nínú eré nìyẹn."

"Mà, ohun tí wọ́n kọ la kà!" Omijé ti lé ròrò lójú Ọmọ Nọ́ọ̀sì. "Ọ̀nà oko ni wọ́n kọ síbẹ̀!"

"Ọ̀nà ọkọ̀ la ní kí wọ́n kọ."

Wọ́n lọ gbé pátákó náà wá. Gbogbo èèyàn pagbo yí i ká. Ìyá kan kà á sókè, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ ò rí i pé ó lè jẹ́ ọ̀nà ọkọ pàápàá? Kí àwọn ọmọ yìí máa wá ọkọ kiri inú igbó!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín àrìntàkìtì. Ọ̀gá eré nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Irú akọ̀wé wo ló kọ eléyìí?"

Bàbá Kíákíá bọ́ síwájú, ó ṣí fìlà. "Èmi ni, mà. Ilé iṣẹ́ mi ló ti jáde. Ẹ má bínú."

"Ẹ ò ní kọ pátákó fún wa mọ́, sà. Ẹ wo ọmọ ọlọ́mọ bó ṣe ń ṣẹ̀jẹ̀!"

Bàbá náà tẹrí ba. Kò wo ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ rárá, ìyẹn ló sì dun Kíákíá jù. Ó sún mọ́ wọn, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, kì í ṣe bàbá mi. Èmi ni mo kọ ọ́. Wọ́n bi mí bóyá mo ti fàmì sí i, mo sì parọ́ fún wọn."

Bó bá dúró níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní mọ ìyókù láéláé. Àwọn igi oríta nìkan ló rí i.

"Mo sì rí wọn, mà. Mo rí wọn nígbà tí wọ́n ń lọ. Ká ní mo pè wọ́n ni, wọn ì bá gbọ́."

Ọmọ Nọ́ọ̀sì wò ó. "O rí mi?"

"Mo rí ẹ."

"O wá dákẹ́?"

Kíákíá fọwọ́ bojú. Ẹkún ló gbẹnu rẹ̀.

Ọ̀gá eré pàṣẹ pé kí gbogbo wọn tún eré náà sá ní Sátidé tó ń bọ̀, láti adágún kejì. Kíákíá á gbéra ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn gbogbo wọn. Ó ní kí bàbá náà máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, Kíákíá bi bàbá rẹ̀ pé: "Kí ló dé tí ẹ gba ẹ̀bi náà, Bàbá? Ẹ mọ̀ pé èmi ni."

"Ilé iṣẹ́ mi ni. Mi ò sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó, mo gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu rẹ." Ó mí kanlẹ̀. "Ó dùn mí gan-an, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Àmọ́ nígbà tó o sọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, orí mi wú. Lọ po ọ̀dà."

Ó po ọ̀dà. Ó kọ pátákó náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fàmì sára gbogbo lẹ́tà tó yẹ. Ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ń pè é ní Ìyàwó Ọ̀nà Ọkọ. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọmọ Nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹn ò dá a lóhùn.

Sátidé dé. Kíákíá gbéra lẹ́yìn gbogbo wọn, ó sì gun òkè bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó kọjá ẹni mẹ́wàá, ó kọjá ẹni márùn-ún, ó tún kọjá ẹni mẹ́ta. Nígbà tí òpin yọ, ẹni méjì péré ló kù níwájú rẹ̀. Ó fi gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ wà á, kò bá wọn. Ìwọ̀n táyà kan péré ni ẹnì kejì fi jù ú lọ. Ó jókòó sórí koríko, ó gbé orí lé orúnkún.

Òjìji ẹnì kan bò ó. Ọmọ Nọ́ọ̀sì ni, òun ló gbégbá orókè.

"A fi ìṣẹ́jú kan ṣíwájú ẹ, o sì fẹ́ẹ̀ gùn mí lẹ́yìn. Irú ẹsẹ̀ wo nìyẹn?"

Kíákíá gbójú sókè.

"Inú ṣì ń bí mi sí ẹ o," ni Ọmọ Nọ́ọ̀sì wí.

"Mo mọ̀."

"Àmọ́ kò sẹ́ni tó fipá mú ẹ sọ ọ́. Èmi gan-an, mi ò mọ̀ bóyá ǹ bá sọ ọ́." Ó na ọwọ́ tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì, ó fà á dìde. "Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé, létí adágún kìíní. Ẹni méjì ni wọ́n tún máa mú lọ́dún tó ń bọ̀, èmi nìkan ò sì lè máa dá gun òkè."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Ìdákẹ́ pàápàá lè jẹ́ irọ́, ó sì lè ṣe ọmọ ẹlòmíràn léṣe. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ lè pàdánù ipò. Kíákíá pàdánù tirẹ̀, ó sì dùn ún wọnú egungun. Àmọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tó dé etí adágún, ẹnì kan ti ń dúró dè é.