Oje Èèpo Kajú Tí Kò Ta Káfíńtà

Káfíńtà ṣì wà láyé nígbà yẹn, ìyá rẹ̀ náà wà, ilé ṣì kún. Iṣẹ́ kajú fífọ́ ni ìyàwó rẹ̀ ń ṣe. Láràárọ̀, kí ó tó fọwọ́ kan èèpo, á fi òróró pa ọwọ́, á ku eérú lé e, torí oje inú èèpo kajú a máa bó awọ ara.

Àtọ̀gbẹ ló ń bá Káfíńtà fínra. Egbò kékeré kan ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò jiná.

Nígbà tó di ọjọ́ kan, ó nawọ́ sí àpò èèpo tí ìyàwó rẹ̀ gbé wálé láti fi dáná.

"Ìyá àwọn ọmọ, rédíò ní àwọn onímọ̀ ti rí oògùn nínú èèpo yìí."

"Ṣé wọ́n ní ká fi sí egbò?"

"Ṣé ó di dandan kí wọ́n wí i tán ni? Oje tó ń bó awọ ọwọ́ ẹ, ṣé kò ní bó egbò yìí kúrò ni?"

Ìyá rẹ̀ dá sí i: "Ọmọ mi, ẹni tó ń fọ́ kajú gan-an, ẹ̀rù oje rẹ̀ ń bà á o."

"Màámi, ẹ jẹ́ n rìn jàre! Àbí kí n máa jókòó bí ìyàwó tuntun?"

Ẹ̀rín pa ìyàwó. Òun fúnra rẹ̀ ló fún oje náà sí òwú, tó fi lé egbò.

"Ṣé ó ń ta yín?"

"Rárá o! Mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára."

Inú wọn dùn.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ wú, ó dúdú, ó ń rùn. Ibà gbé e ṣánlẹ̀. Wọ́n sáré gbé e dé ilé ìwòsàn.

"Kí lẹ fi sí i?" Nọ́ọ̀sì béèrè.

 Ìyàwó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí oje kajú ti sọ di dúdú hàn án.

"Ha, ìyá! Àtọ̀gbẹ ti pa ẹsẹ̀ yìí kú, ìdí nìyẹn tí kò fi ta wọ́n. Ṣe ni oje ń jó o wọnú."

"Ṣùgbọ́n rédíò ní..." ni ìyàwó wí.

"Rédíò ò purọ́. Àwọn onímọ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oògùn lè jáde níbẹ̀, wọn ò tíì parí. Ọjọ́ tí wọ́n bá parí, wọn á ti yọ èyí tó ń jóni kúrò, wọn á wọn ìyókù níwọ̀n tó yẹ. Ti inú àpò yín kì í ṣe oògùn."

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ ìtàn yìí, ẹ má fi èèpo kajú sí egbò, ẹ má sè é mu. Bí oje rẹ̀ bá kàn yín lára, ọṣẹ àti omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, kí ó máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́. Egbò tí kò bá ta á, òun gan-an ni kí ó tètè gbé lọ bá nọ́ọ̀sì.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n oró ti wọ ẹ̀jẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni Káfíńtà kú. Ìyàwó fẹ́ pa ojú ọkọ rẹ̀ dé. Ó kọ́kọ́ fọ ọwọ́, ó tún un fọ̀. Dúdú náà kò bọ́.

Ìyá ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ náà mú.

"Fi pa á dé bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi. Ọwọ́ tí o fi tọ́jú rẹ̀ náà ni."