Ojú Òsì Kirsi

"Kirsi, má bẹ̀rẹ̀! Ṣé etí ẹ di ni?"

Kirsi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú bàtà tó fi ń sáré lórí yìnyín jù ú sílẹ̀, ó pòṣé. Àná ni dókítà gé díẹ̀ lára kókó tó wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ òsì láti fi ṣàyẹ̀wò. Láti ìgbà náà, Wade bàbá rẹ̀ ò sinmi ìkìlọ̀. Má bẹ̀rẹ̀. Má gbé ẹrù. Má fọnkun. Bí ojú bá ń ro ẹ́, tàbí tó ń ṣú, sọ kíá, torí ẹ̀jẹ̀ lè dà sẹ́yìn ẹyinjú kó fún un pa. Gbogbo rẹ̀ ti sú ọmọ náà.

"Dádì, mo ti gbọ́! Ìran họ́kì ni mo fẹ́ lọ wò."

Ìran wo? Kò tíì jókòó ní pápá yìnyín tí Britta ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi dé. "Kóòṣì ò tíì dé. Wá dúró lẹ́nu àwọ̀n fún wa díẹ̀. Ṣebí ìbòjú irin máa wà lójú ẹ. Àbí o ti di ẹyin tí wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn?"

"Èmi kẹ̀?"

Òpònú ọmọ! Ó yá bàtà yìnyín wọ̀, ó ń lóṣòó, ó ń dìde, ó ń ju ara ẹ̀ síbí, ó ń jù ú sọ́hùn-ún. Ohunkóhun ò gbá a lójú o, síbẹ̀ nígbà tó máa kúrò níbẹ̀, ojú òsì ti ń ro ó gan-an. Ó pa á mọ́ra. Láàárín àwọn tó ń gbá họ́kì, ẹni bá ké "yéè" ti di ẹni yẹ̀yẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí Wade máa yọjú sí i ní yàrá nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ojú náà ti yọ síta, ó le gbagidi. Wade fọwọ́ bo ojú ọ̀tún rẹ̀. "Ìka mélòó nìyí?"

"Ìka wo?"

Wade sáré gbé e sínú ọkọ̀. "Ó ń ro ẹ́, o dákẹ́! Ta ló kọ́ ẹ nírú ìwàkiwà yìí?"

"Ẹ̀yin náà ni! Ta ló máa ń yangàn pé egungun ìhà òun kán, òun ò sọ fẹ́nì kan, òun sì gbá eré náà parí?"

Ńṣe ni Wade túbọ̀ tẹná mọ́ ọkọ̀.

Ní ọsibítù, kíá ni dókítà la igun ìpéǹpéjú rẹ̀ kí ẹyinjú tí ẹ̀jẹ̀ ń fún pa lè ráyè mí. Ojú náà ò fọ́ tán, àmọ́ òjìji nìkan ló kù tó fi ń rí.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, èsì àyẹ̀wò dé: kókó náà kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kókó náà fúnra rẹ̀ kì bá tí fọ́ ọ lójú rárá. Wade sunkún bí ọmọdé.

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá Britta àtàwọn ọmọ tó ń gbá họ́kì ní pápá. "Ìwà òmùgọ̀ ni mo fi ń yangàn," ó ní. "Ẹ̀yin ọmọ, bí ara bá ń ro yín, ẹ pariwo. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."