Òdo fún Ohùn Akínṣọlá

Inúolúwa ò tíì rí ojú ọkùnrin náà tí ohùn rẹ̀ fi dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ìjọ Aládùúrà ní ìlú Missouri City lókè òkun. Ohùn tó há, bí ìgbà tí táyà ń gun òkúta wẹ́wẹ́, síbẹ̀ ó gbé àdúrà pọ̀n bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ. Ìgbà tó wọlé ló rí onítọ̀hún: géńdé nínú aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán, òógùn lójú.

Lẹ́yìn ìsìn, ó lọ bá a.

"Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ohùn yín ò yá."

Akínṣọlá rẹ́rìn-ín. "Àwọn kan ń ṣe àmín, ẹ̀yin ń yẹ ọ̀nà ọ̀fun mi wò?"

"Iṣẹ́ mi ni. Mò ń tọ́jú àwọn tí ohùn ń dà láàmú. Àwọn ará Páṣíà ti ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń gbọ́ àìsàn ohùn lédè tiwọn. Mo fẹ́ kí Yorùbá náà ní in. Ẹ yá mi lóhùn yín."

"Ṣé ẹ ó dá a padà?"

Bó ṣe di pé Akínṣọlá ń ti ọ́fíìsì rẹ̀ ní àdúgbò Energy Corridor wá sí kílíníkì Inúolúwa ní Westchase nìyẹn. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o".

Ọjọ́ ìdánwò òṣùwọ̀n pé. Àwọn olùgbọ́ jókòó, Inúolúwa náà wà láàrin wọn. Wọ́n ń gbọ́ ohùn láìsí orúkọ: èyí tó mọ́ gba òdo, èyí tó bàjẹ́ gan-an gba mẹ́ta. Wọ́n tún fi àwọn ohùn kan pamọ́ sáàrin, kí àwọn olùgbọ́ lè gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá etí kò yí padà.

Gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan, àfi lórí ohùn kan. Àwọn yòókù fún un ní mẹ́ta. Ẹnì kan fún un ní òdo, ó tún fún un ní òdo lẹ́ẹ̀kejì.

"Yọ olùgbọ́ yìí kúrò," ni Dókítà Andrew, ọ̀gá Inúolúwa, wí. "Etí ẹ̀ ò dáa."

Inúolúwa ló ni etí náà. Ó dá ohùn Akínṣọlá mọ̀, ó sì ti búra pé òun ò ní ṣojúsàájú, síbẹ̀ òdo ni etí rẹ̀ gbọ́. Ẹ̀rù ìfẹ́ yìí bà á. Ó yọ ara rẹ̀ kúrò.

Nígbà tó sọ fún Akínṣọlá, ńṣe lẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀.

"Mo ti cancel appointment iṣẹ́ abẹ ọ̀fun tó o ní kí n ṣe yẹn. Ta ló ń tún ohun tó gba òdo ṣe?"

"Akin, kókó wà lọ́fun ẹ. Tó o bá ń pariwo báyìí, ohùn náà á lọ pátá."

Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. "Tí wọ́n bá tún un ṣe, tí ò wá dùn létí ẹ mọ́ ńkọ́?"

Inúolúwa di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Etí mi á tún un kọ́."

Ó tún appointment náà gbà, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀. Aṣáájú àdúrà tó ń mi fèrèsé wá di ẹni tó ń fi orí ṣe àmín. Àwọn ìyá ìjọ rò pé ààwẹ̀ ńlá ló gbà.

Ọjọ́ tó tún lanu ní kílíníkì, àwọn olùgbọ́ fún un ní òdo látòkèdélẹ̀. Inúolúwa wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohùn náà tutù bí omi àmù, kò sì mọ̀ ọ́n rí. Ó dá a dúró, bíi ti ọjọ́ kìíní lẹ́nu ọ̀nà ìjọ.

Akínṣọlá jáde sí i. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Àlejò ni mí. Ṣé ẹ ó fẹ́ mi?"

Omi lé ròrò sójú Inúolúwa. "Mo fẹ́. Àmọ́ ẹ tún un sọ. A kì í fi ìgbọ́ ẹ̀ẹ̀kan dájọ́ ohùn."

Ó tún un sọ. Etí kò yí padà.